Òkìtì Sàréè West Kennet: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Bá Fẹ́ Lọ Wò Ó

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn èèyàn wa tó ń gbé nílùú ọba sábà máa ń bi mí bí ọ̀rọ̀ bá ti kan sàréè àtijọ́ tó wà lẹ́bàá Avebury. Mi ò tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá ń kánjú, kó ka èyí tó dá lórí àbẹ́là àti èyí tó dá lórí bàtà, kó fi ìyókù sílẹ̀ di alẹ́.

Kí ni West Kennet Long Barrow gan-an?

Sàréè ni. Òkìtì gígùn ni, tí wọ́n fi ẹfun àti iyẹ̀pẹ̀ mọ sórí òkè kan ní gúúsù abúlé Avebury, ní ẹkùn Wiltshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gígùn rẹ̀ tó 100 mítà, ó sì wà lára àwọn tó gùn jù lọ ní gbogbo Bírítéènì. Ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Àwọn òkúta ràgàjì-ràgàjì ló dúró sí ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn wọn wọlé, ẹ ó bá ara yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tó gùn tó mítà 12. Yàrá méjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì, ìkarùn-ún wà ní ìparí. Òkúta ni ògiri, òkúta ni àjà.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ibi tí ilé òkú náà mọ nìyẹn. Kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́jọ òkìtì náà lọ. Ìyókù, ẹfun àti iyẹ̀pẹ̀ lásán ni, kò sí yàrá kankan níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé àwọn tó kọ́ ọ fẹ́ kí ẹni tó wà ní àfonífojì rí i, kó sì mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní olóhun.

Ó ti tó ọdún mélòó?

Nǹkan bí ọdún 3650 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ti lé ní 5,600 ọdún báyìí. Nígbà yẹn kò tíì sí Stonehenge rárá. Àwọn òkúta ńláńlá tí gbogbo ayé mọ̀ níbẹ̀, nǹkan bí 2500 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n tó gbé wọn nàró. Pírámíìdì ńlá ti Gísà ní Íjíbítì náà, àbúrò ni sí West Kennet; West Kennet fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún jù ú lọ.

Àwọn wo ni wọ́n sin síbẹ̀?

Ó kéré tán, èèyàn 36: ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọdé. Àgbẹ̀ àti darandaran ni wọ́n, wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n ń sin màlúù. Wàhálà ayé hàn lára egungun wọn, nítorí làkúrègbé ti ba oríkèé àti ọ̀pá ẹ̀yìn púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà lára wọn ní yàrá tó wà níhà àríwá ìlà-oòrùn. Wọ́n bá orí ọfà tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ bí ewé níbi ọ̀fun rẹ̀. Ó jọ pé ọfà yẹn ló pa á. Ìjà ni o, ìdájọ́ ni o, tàbí ogun, egungun kò lè sọ ìyẹn fún wa.

Kì í ṣe pé wọ́n tẹ́ òkú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé. Agbárí kò pé iye àwọn tí wọ́n sin, bẹ́ẹ̀ ni egungun itan náà. Àwọn alààyè ń padà wọlé. Wọ́n ń ti egungun àwọn tó ti pẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àyè lè wà fún ẹni tuntun, ó sì dà bíi pé wọ́n ń mú lára wọn jáde lọ síbòmíràn. Òkú inú rẹ̀ kì í sùn kí wọ́n má jí i.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi ń sin òkú síbẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde ní 2007 ló yí ọ̀rọ̀ náà padà: gbogbo ìsìnkú àkọ́kọ́ yẹn kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lọ. Ìyẹn ni pé ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n wá sí ìsìnkú àkọ́kọ́ lè wà lára àwọn àgbà tó ṣe ti ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbàgbé ibẹ̀. Fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń wá da iyẹ̀pẹ̀, ẹfun, àpáàdì, egungun ẹran àti ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwọn yàrá náà, títí wọ́n fi kún dé àjà. Nígbà tó yá, wọ́n to àwọn òkúta ńlá sẹ́nu rẹ̀, wọ́n dí i pa. Àwọn òkúta yẹn gan-an ni ẹ ó kọ́kọ́ rí bí ẹ bá débẹ̀.

Ṣé ẹbí kan náà ni wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n fi sàréè míì dáhùn ìbéèrè yìí. Ó ń jẹ́ Hazleton North, ó sì wà ní Gloucestershire, bí 50 kìlómítà sí West Kennet níhà àríwá. Irú kan náà ni àwọn méjèèjì, ìgbà kan náà sì ni wọ́n kọ́ wọn, tàbí ká ní ó sún mọ́ra gan-an. Àwọn onímọ̀ yẹ DNA èèyàn 35 tí wọ́n hú jáde níbẹ̀ wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní ìparí ọdún 2021.

Nínú èèyàn 35 yẹn, 27 ló wà nínú ìdílé kan ṣoṣo, ìran márùn-ún tẹ̀ léra. Ọkùnrin kan ló wà nídìí ìdílé náà, obìnrin mẹ́rin ló sì bímọ fún un. Sàréè náà ní ìhà méjì, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù. Ìhà gúúsù ni wọ́n sin àwọn àtọmọdọ́mọ méjì nínú àwọn ìyá mẹ́rin náà sí. Ìhà àríwá ni ti àwọn ìyá méjì yòókù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń pín ogún bàbá ní ìdí-igi, kò nílò kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ṣàlàyé èyí fún un. Bàbá kan ló bí wọn, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n fi ń mọ yàrá.

Ó kù. Àwọn ọmọ obìnrin tó kú ní kékeré wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó dàgbà di abilékọ nínú ìran náà kò sí níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé ọkọ ni wọ́n sin wọ́n sí. Àwọn ọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdílé náà láti ọ̀dọ̀ bàbá: ìyá wọn ló bí wọn síta kó tó di pé, tàbí lẹ́yìn tí, òun àti ọmọkùnrin ilé náà jọ bímọ. Wọ́n sin àwọn náà pọ̀ mọ́ ọmọ ilé. Ní tèmi, ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí òkúta kò lè sọ ọ́ fún wa láéláé: pé ẹnì kan dúró níwájú sàréè, ó sì sọ pé ọmọ tí ìyàwó gbé wọlé, ọmọ wa ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. DNA kò lè sọ bóyá orogún ni àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn, tàbí pé bí ọ̀kan ṣe ń kú ni ọkùnrin náà ń fẹ́ òmíràn. Àwọn tó ń sáré kéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé "olóbìnrin mẹ́rin" ni bàbá náà ti sọ ju ohun tí ẹ̀rí gbé lọ.

Ṣé àwọn yìí ni baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì òde òní?

Díẹ̀ báyìí ni. Àwọn náà wá láti òkè òkun ni. Nǹkan bí ọdún 4000 ṣáájú ìbí Jésù ni àwọn àgbẹ̀ dé láti ilẹ̀ Yúróòpù, pẹ̀lú irúgbìn àti ẹran ọ̀sìn wọn. Bí a bá sì tọ ìran wọn lọ sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ní agbègbè tí Gíríìsì àti Tọ́kì wà lónìí la ó dé. Nígbà tó di nǹkan bí 2450 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn mìíràn tún wọlé láti Yúróòpù, àwọn tí ìkòkò wọn rí gbọọrọ bí ife. Àyẹ̀wò DNA tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ náà ló ti yí padà di ti àwọn àlejò yìí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Róòmù dé, àwọn Saxon, àwọn Viking, àwọn Norman. Bí ẹnì kan bá ń fọ́nnu fún yín nínú bọ́ọ̀sì pé baba ńlá òun ló kọ́ West Kennet, ẹ kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láìsí irin?

Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi gbẹ́ yàrà sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà méjèèjì, ẹfun tó jáde nínú yàrà ni wọ́n sì kó mọ òkìtì. Kò sí irin, kò sí idẹ, kò sí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwọn òkúta ńlá náà, sarsen ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n le koko, orí òkè tó yí agbègbè náà ká ni wọ́n sì wà nílẹ̀; okùn, igi àti ọ̀pọ̀ èjìká ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n wà. Ẹ wo àárín òkúta kan sí èkejì dáadáa, ẹ ó rí i pé wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ kéékèèké dí àlàfo ibẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, láìsí ohun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Irú òkúta kéékèèké bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ti rù wọ́n wá, ọ̀nà tó jìn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà.

Bí ẹ bá mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ wá òkúta kan tí ara rẹ̀ ń dán níbi kan, tó sì ní ojú ìlà tóóró-tóóró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ́n àáké òkúta kí wọ́n tó gbé e sínú ògiri. Mo rí àwọn èèyàn tó rin ìrìn wákàtí méjì láti Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n sì kọjá lára rẹ̀ láìwò ó, foonu lọ́wọ́.

Ṣé egungun ṣì wà nínú rẹ̀?

Rárá. Wọ́n ti kó o jáde. Àwọn yàrá náà ṣófo.

Ta ló hú u?

Ẹni tí ìwà rẹ̀ burú jù ni dókítà kan, Toope, ará Marlborough, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Kò wá ìtàn rárá; egungun èèyàn ló ń wá láti fi ṣe oògùn fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí John Aubrey, òǹkọ̀wé tó ń ṣèwádìí ohun àtijọ́, pé òun hú egungun ní àgbègbè Avebury, òun sì fi ṣe oògùn tó ran àwọn aládùúgbò òun lọ́wọ́. Nígbà tí William Stukeley, olùwádìí ohun àtijọ́ mìíràn, wá wo òkìtì náà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó bínú pé dókítà náà ti wú ìdajì gígùn rẹ̀, ó ti bà á jẹ́. Ẹni tó bá rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ti ń fi ẹ̀yà ara òkú ṣoògùn, kó lọ ka ìtàn Wiltshire.

Ní 1859, John Thurnam, tó jẹ́ ọ̀gá dókítà ilé ìtọ́jú àwọn ọlọ́pọlọ dídàrú ní Devizes, wú yàrá ìparí àti apá kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Agbárí ni tirẹ̀; ó ń kó wọn jọ láti wọ̀n wọ́n. Ó dára pé kò rí àwọn yàrá mẹ́rin yòókù. Àwọn awalẹ̀pìtàn Stuart Piggott àti Richard Atkinson ló wá ṣe iṣẹ́ gidi ní 1955 àti 1956. Àwọn ni wọ́n ṣí àwọn yàrá tó kù, tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sílẹ̀, tí wọ́n gbé àwọn òkúta tó ti wó nàró, tí wọ́n sì tún àjà ṣe. Ẹ̀yin náà á rí gíláàsì tí wọ́n fi sí àjà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ó rí bákan lójú, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n láìsí i òkùnkùn biribiri ni.

Wọ́n ní òfin dáàbò bò ó. Òfin wo?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Ní àwọn ọdún 1870, wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ àárín àwọn òkúta àtijọ́ ńláńlá tó dúró yíká ní Avebury fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan, John Lubbock, ra ilẹ̀ náà kí wọ́n má bàa kọ́lé lé e. Ó wá ń gbé àbá òfin lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń dà á nù lọ́dọọdún, nítorí àwọn onílẹ̀ ń bi í pé ta ni ìjọba tí yóò wá sọ ohun tí àwọn máa fi ilẹ̀ bàbá àwọn ṣe. Ní 1882 ni òfin náà tó kọjá. Ìwé àkọ́kọ́ tó bá a wá dárúkọ ohun àtijọ́ 68 ní Bírítéènì àti Ireland, West Kennet sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n fi Lubbock jẹ oyè ní 1900, Lord Avebury ló ní kí wọ́n máa pe òun.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yàn láti máa bẹ àwọn ohun àtijọ́ yìí wò ni Ọ̀gágun Augustus Pitt-Rivers. Orúkọ rẹ̀ kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jó ìlú Benin tí wọ́n sì kó ààfin Ọba ní 1897, ọkùnrin yìí kan náà wà lára àwọn tó ra ère idẹ àti eyín erin tí wọ́n kó bọ̀, ó sì tò wọ́n sí mùsíọ́mù rẹ̀ ní Farnham, ní Dorset. Ẹni tí wọ́n yàn kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan sàréè baba ńlá ẹlòmíràn ní Wiltshire ni. Mi ò rí ìwé kankan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara òkìtì náà tó sọ apá yìí.

Òfin tó wà lójú ọpọ́n báyìí ni ti 1979. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́lẹ̀, kó kọ́ nǹkan, kó da ilẹ̀ lé e lórí, tàbí kó mú nǹkan kúrò lára ohun tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìdáàbòbò, àfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda mínísítà, tí àjọ Historic England yóò gbà nímọ̀ràn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ lè san owó ìtanràn, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Láfikún, láti 1986 ni UNESCO ti fi Stonehenge, Avebury àti àwọn ohun tó yí wọn ká, pẹ̀lú òkìtì yìí, sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ìwé yẹn náà ni igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wọ̀ ní 2005.

Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?

Abẹ́ àṣẹ àjọ English Heritage ló wà, àjọ National Trust ló ń ṣe ìtọ́jú ojoojúmọ́. Kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣé mo lè tan àbẹ́là, gbàdúrà, tàbí ta omi sílẹ̀?

Àdúrà, ẹ gbà á. Kò sí òfin tó ní kí ẹ dákẹ́. Àwọn abọ̀rìṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń wá síbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ń yí àkókò padà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń lu ìlù, orin sì máa ń dún dáadáa láàárín òkúta.

Àbẹ́là ni kí ẹ fi sílé. Àwọn tó ń ba sàréè yìí jẹ́ jù lóde òní kì í ṣe ìpáǹle. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹnì kan á gbé àbẹ́là kékeré inú páànù sí àlàfo òkúta, á ronú, á sunkún díẹ̀, á lọ sílé. Ooru iná yẹn á sán òkúta, èéfín á sọ ojú rẹ̀ di dúdú, ọ̀rá àbẹ́là á wọ inú ihò ara rẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fọ̀ ọ́ kúrò láìha òkúta náà. Ẹ wo ẹ̀bá àwọn òkúta inú yàrá, ẹ ó rí ibi dúdú àti ọ̀rá tó ti dì. Àwọn mìíràn á ki owó ẹyọ bọ ihò. Àwọn mìíràn á gbẹ́ ihò kékeré sínú ilẹ̀, wọ́n á sin òkúta dídán tàbí lẹ́tà sí òkú wọn. Ìyẹn, bó ti wù kó kéré, òfin ka gbígbẹ́lẹ̀ sí gbígbẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́: obì, orógbó, epo, ọtí, òdòdó, rìbọ́nù, ẹ má fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá kan bi mí pé ṣé omi tútù náà ni. Mo ní kó mu ún.

Krìsẹ́nì ni mí (tàbí Mùsùlùmí). Ṣé mo lè wọlé?

Ẹ wọlé. Kò sẹ́ni tó ń bọ nǹkan kan lórúkọ yín.

Wọ́n ní iwin wà níbẹ̀?

Ìtàn kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ: pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn pẹ́ jù lójú ọ̀run lọ́dún, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun máa ń wọnú sàréè náà lọ, ajá funfun elétí pupa kan á sì máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó jí ní oṣù kẹfà ní aago mẹ́rin ìdájí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, àwọn kan nínú wọn á wọ aṣọ funfun, àwọn kan á sì mú ajá dání; kó ṣọ́ra kó má ṣì wọ́n mú fún iwin.

Òkè róbótó tí mo rí láti ojú títì ńkọ́?

Silbury Hill nìyẹn, ohun mìíràn ni. Èèyàn ló fọwọ́ mọ òun náà, nǹkan bí 2400 ṣáájú ìbí Jésù. Ó ga tó 30 mítà, kò sì sí òkìtì àtọwọ́dá ayé àtijọ́ tó tóbi tó o ní gbogbo Yúróòpù. Àwọn èèyàn gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọba kan tó ń jẹ́ Sil ló jókòó sórí ẹṣin wúrà nínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò gba orí rẹ̀ wọlé ní 1776, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1849, wọ́n tún padà wá láàárín 1968 sí 1970. Kò sí ọba, kò sí wúrà, kò sí òkú kankan. Gbígbẹ́ yẹn ló wá fẹ́ pa á: ní 2000, ihò ńlá là sórí rẹ̀ níbi kòtò 1776, iṣẹ́ àtúnṣe kò sì parí títí di 2008. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gba ẹnikẹ́ni láyè láti gùn ún. Ẹ dúró nísàlẹ̀, tàbí kí ẹ wò ó láti orí West Kennet, níbi tó ti rẹwà jù.

Ṣé mo lè lo ẹ̀rọ tó ń wá irin àti wúrà lábẹ́ ilẹ̀?

Rárá o. Lórí ibi tí òfin 1979 dáàbò bò, lílo ẹ̀rọ yẹn láìgba ìyọ̀ǹda Historic England, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ pé ẹ kò rí nǹkan kan. Ibòmíràn, ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ohun tó jọ ìṣúra, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó coroner agbègbè náà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣúra, létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ má gbé e sí WhatsApp ná.

Báwo la ṣe ń débẹ̀?

Ẹni tó ní mọ́tò, kó gba títì A4 láàárín Marlborough àti Calne. Àyè páàkì kékeré kan wà lẹ́bàá títì, kò gba mọ́tò púpọ̀, ó sì máa ń kún ní ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹni tí kò ní mọ́tò, kó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Paddington lọ sí Swindon. Ìrìn bíi wákàtí kan ni. Láti Swindon, bọ́ọ̀sì 49 máa ń gba Avebury. Ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí bọ́ọ̀sì abúlé kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ti ọjọ́ Sọ́ńdè sì kéré. Láti Avebury, ẹsẹ̀ ni.

Láti títì A4, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ló wọ inú pápá lọ. Ó kọjá lórí odò Kennet, tí kò ju odò kékeré lọ níbẹ̀, ó kọjá lábẹ́ igi óòkù kan tí àwọn èèyàn ti so àkísà àti rìbọ́nù olóríṣiríṣi mọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí gòkè láàárín oko ọkà. Ogún ìṣẹ́jú tó fún ẹni tí kò sáré. Ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ṣí i sílẹ̀, ní ojú mọmọ. Òfo ni owó ìwọlé.

Bàtà wo ni kí n wọ̀?

Kì í ṣe èyí tí ẹ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ẹfun tí òjò bá pa máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà, ó tún máa ń yọ̀. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, bàtà òjò tó ga dé orúnkún ló dára jù, inú sàréè gan-an náà sì máa ń ní omi nílẹ̀. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání, nítorí atẹ́gùn orí òkè yẹn kò mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, omi, àti ìpápánu. Ẹ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Avebury, torí kò sí ọ̀kan lórí òkè.

Ṣé àwọn ọmọdé àti àwọn àgbà lè lọ?

Ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni, inú wọn máa ń dùn. Ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n gun òkúta tàbí kí wọ́n máa sáré sọ̀ kalẹ̀ lára òkìtì, nítorí ẹsẹ̀ ló ń hú koríko, òjò ló sì ń parí rẹ̀. Ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn, ẹran ọ̀sìn máa ń wà nínú pápá. Ìyá tàbí bàbá tí orúnkún ń dùn, kí wọ́n fọgbọ́n ṣe é, nítorí òkè ni, ọ̀nà náà kò sì tẹ́jú. Kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn kò lè dé ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ á fìyà jẹ yín. Ẹ pọ̀n ọ́n.

Mo rí òkìtì kan nínú oko nítòsí ilé mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá sàréè ni?

Historic England ní ìwé àkọsílẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, National Heritage List for England, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ orúkọ abúlé náà sí i, ẹ wo máàpù. Nǹkan bí 20,000 ohun àtijọ́ ló wà lábẹ́ òfin ìdáàbòbò náà ní Ìgílàńdì. Bí òkìtì yín kò bá sí níbẹ̀, ìyẹn kò sọ pé kì í ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ ní ẹkùn yín. Ọ̀pọ̀ òkìtì ni ohun ìtúlẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ti jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Hazleton North tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìtúlẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ tí wọ́n fi yára hú gbogbo rẹ̀ láàárín 1979 sí 1982. Bí ẹ bá lọ síbẹ̀ lónìí, oko lẹ ó bá.

Níbo ni mo ti lè rí ohun tí wọ́n bá nínú West Kennet?

Wiltshire Museum ní Devizes. Ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun èlò òkúta wà níbẹ̀. Ní Avebury fúnra rẹ̀, mùsíọ́mù Alexander Keiller wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938. Ọkùnrin náà jogún owó ilé-iṣẹ́ màmáléèdì, ó sì fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ra ilẹ̀ Avebury, ó ń gbé àwọn òkúta tó ti wó nàró. Wọ́n ń gba owó ní méjèèjì, àwọn ilé náà kì í sì í ṣí ní gbogbo ìgbà, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní, Devizes ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, kí ẹ sì gun òkè lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nítorí yàrá òfìfo yẹn máa ń yéni ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.